Àárín Àga Ọkọ̀ Ismael

Ìrì ò tíì gbẹ lórí koríko nígbà tí Ismael Cantú ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀, tó sì rí i pé wúfà òun ti lọ. Méjì ni wọ́n, sípíkà ńlá tí báàsì wọn máa ń mi fèrèsé gbogbo àdúgbò, nínú àpótí dúdú kan tó máa ń wà láàárín àga. Olè ti gbé wọn lọ tàpótí-tàpótí. Ọjọ́ kejì sì ni ìdíje ọkọ̀ olórin ní pápá ìlú Los Olmos, èyí tí gbogbo gúúsù Texas ń dúró dè.

Nígbà tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Delfina Arredondo fi máa dé àgbàlá náà, àwọn ọlọ́pàá òwúrọ̀ ti mú ẹnì kan. Nicanor Treviño ni, ọkùnrin tó de àpótí náà mọ́nú ọkọ̀. Nicanor ti ṣẹ̀wọ̀n rí nítorí olè jíjà. Wọ́n ti dá a sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn, àdéhùn ọ̀hún sì ti fẹ́ parí. Bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn yìí kàn án kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ̀wọ̀n ló ń padà sí, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ènìyàn ní bàbá yóò sì tún máa wò ó látẹ̀yìn gíláàsì.

Delfina ò yára sọ̀rọ̀. Obìnrin onírun eérú ni, ojú rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n nǹkan kì í bọ́ lọ́wọ́ ojú náà. Ó yí ọkọ̀ po. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, pupa òun funfun, onílẹ̀kùn méjì, àga gbọọrọ kan ṣoṣo tó gba ènìyàn mẹ́ta. Ààyè tó wà lẹ́yìn àga náà kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Gíláàsì kankan ò fọ́. Olè ò gé wáyà; ńṣe ló tú u, tó fi téèpù aláwọ̀ ewé kan tó rọ̀ bí ìda we orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí àpótí wà tẹ́lẹ̀, bẹ́líìtì ìjókòó àárín wà nínú kọ̀rọ̀ àga, nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́lẹ̀ sì fún dáadáa.

Delfina fi ìka kan nọ́ọ̀tì yẹn. Ó wò ó pẹ́.

"Ta lo fura sí?" ó bi Ismael.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ọ̀gá. Lánàá lèmi àti Nicanor fa ọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun tú àpótí yẹn kúrò, pé kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kó wà. Mo ní ṣé ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni?"

"Ìwọ ńkọ́, ibo lo wà lálẹ́ àná?"

"Ilé iṣẹ́ owú. Ọ̀rẹ́ mi ló wá fi ọkọ̀ tiẹ̀ gbé mi, kí eruku má baà ba tèmi jẹ́ kó tó di ọjọ́ ìdíje." Ó wo àárín àga bí ẹni tó ń wo ibojì. "Odidi ọdún kan ni mo fi ń wá wúfà tó máa bá ọkọ̀ yìí mu, ọ̀gá. Odidi ọdún."

Ìyàwó rẹ̀, Araceli, gbé kọfí jáde. Ìgbéyàwó wọn ò tíì pé ọdún, ẹwà ìyàwó tuntun sì ń bẹ lójú rẹ̀, àmọ́ ó dà bí iná tí ẹnì kan rọra yí wálẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù òdòdó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti wọ aṣọ iṣẹ́.

"Ṣé o ti yọjú sínú ọkọ̀ náà?" Delfina bi í.

"Rárá, mà. Mi ò tíì dé ìdí rẹ̀ látàná."

"Kò burú. Wọ́n ti mú Nicanor."

Kọfí dà sórí ọwọ́ Araceli, kò sì nù ún. "Nicanor? Kí ló kàn án níbẹ̀?"

"Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ mọ̀," ni Delfina wí.

Don Eleuterio, bàbá Araceli, ló ń gbé ní ilé kejì. Ó dúró létí ọgbà, ó fọwọ́ ti ìbàdí, àwọn adìẹ rẹ̀ ń jẹ káàkiri ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀?" Delfina bi í.

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan, ìyẹn ló sì dùn mọ́ mi. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ariwo báàsì yẹn ti dákẹ́, àwọn adìẹ mi ti tún ń yé." 

"Kí ló ṣe ìbàdí yín?"

"Ọjọ́ ogbó ni."

"Ṣé òní ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti ń bọ̀ lọ́nà tipẹ́. Òní ló wọlé."

Delfina rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì wakọ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Nicanor jókòó, ó ká ọwọ́ sí orúnkún bí ọmọdé tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan. "Ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora," ó ní. "Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń da àrán bọ̀, ọ̀gá. Wọ́n ti fà á ya láàárọ̀ yìí."

"Kí ló dé tí o fẹ́ tú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ?"

"Nítorí kò bójú mu. Ọkọ̀ kékeré ni. Mo ti sọ fún Ismael látìbẹ̀rẹ̀: wúfà pẹlẹbẹ ni kó rà, abẹ́ àga ló máa ń wọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ní pẹlẹbẹ ò lágbára, òun fẹ́ èyí tó nípọn. Èyí tó nípọn ò sì ríbi gbé àfi àárín. Mo gba owó, mo dè é. Látìgbà yẹn, bí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn méjèèjì á jìnnà síra bí ẹni tí kò mọra. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i."

"Bẹ́líìtì àárín ńkọ́?"

"Mo tú u, mo fi lé Ismael lọ́wọ́. Ó jù ú sínú agolo kan nílé wọn."

"Téèpù wo lo fi ń ṣiṣẹ́?"

"Dúdú. Téèpù oníná. Ṣé òmíràn tún wà ni?"

Delfina dìde. "Bọ́ sí ọkọ̀ mi. A ń lọ síbì kan."

Nígbà tí wọ́n dé àgbàlá náà, Araceli ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ismael rí Nicanor, ó fẹ́ fò mọ́ ọn. Delfina gbé ọwọ́ sókè.

"Farabalẹ̀. Gbé èmi àti ìyàwó rẹ yí àdúgbò yìí po nínú ọkọ̀ rẹ. Araceli, wọlé."

Ismael ṣí ilẹ̀kùn ìhà tiẹ̀. Araceli gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé, ó sún dé àárín, ó jókòó. Kò wo ẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló lọ sẹ́yìn, ó wọ inú kọ̀rọ̀ àga, ó fa bẹ́líìtì yọ, ó sì kan án mọ́ra. Ó dún kọ̀.

Ismael ò tíì jókòó. "Ibo ni bẹ́líìtì yẹn ti wá? Inú agolo ló wà."

Araceli gbé ojú sókè. Ẹ̀jẹ̀ ti sá lójú rẹ̀.

Delfina fara ti ilẹ̀kùn kejì. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń jí ọmọ lójú oorun. "Olè máa ń gbé nǹkan lọ ni. Èyí gbé ọ̀kan lọ, ó sì dá ọ̀kan padà síbi tó wà. Mo bi ara mi pé ta ló fẹ́ jókòó láàárín tó bẹ́ẹ̀. Mo tún wo wáyà: téèpù àwọn olódòdó ló fi dì í, èyí tí wọ́n fi ń we igi òdòdó. Àpótí yẹn wúwo, obìnrin kan ò lè dá a gbé. Bàbá ẹnì kan sì jí pẹ̀lú ìrora ìbàdí. Araceli, bó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ nìkan ló tàn ọ́, ǹ bá ní àṣà àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n o ní o ò tíì dé ìdí ọkọ̀ yìí."

"Araceli," ni Ismael wí. "Ìwọ?"

"Èmi ni." Kò sunkún. "Àárín yìí lo ti sọ fún mi pé o fẹ́ mi. Ọwọ́ rẹ kan lórí sítíárì, ìkejì léjìká mi. Ọjọ́ tí o gbé àpótí yẹn dé, o bi mí pé ṣé ó wù mí. Mo ní ọkọ̀ rẹ ni. O ní o ṣé. Látìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mò ń jókòó, bí ẹni tí o ṣàánú gbé lójú títì."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Inú rẹ ń dùn. Mo sì rò pé wàá rí i fúnra rẹ. Obìnrin tó bá ń bẹ ọkọ rẹ̀ kó fún òun láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti di alágbe." Ó tú bẹ́líìtì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ dúró níwájú Nicanor. "Lẹ́yìn ìdíje ni mo fẹ́ dá a padà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa mú yín. Látàárọ̀ ni mo ti ń wá ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́. Ẹ foríjì mí."

Nicanor wò ó. "Ọmọ mi ò tíì gbọ́. Ìyẹn ni mo fi lè dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n bí o bá tún fẹ́ fi nǹkan pamọ́, rántí pé àwa tá a ti ṣẹ̀wọ̀n rí ni ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ bà. Ìdajì ọjọ́ kò gùn lójú ẹni tó wà níta."

Ismael sọ̀ kalẹ̀ náà. Ó fẹ́ bọ Nicanor lọ́wọ́, ojú tì í, ó ṣáà dúró níbẹ̀. "Èmi ni mo dárúkọ yín, ẹ̀gbọ́n. Mo ti mú ẹ̀sùn mi kúrò. Ẹ jọ̀ọ́."

Delfina ti ń bá àgọ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní kí wọ́n pa orúkọ Nicanor rẹ́ kí ìròyìn tó jáde síta. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí etí ọgbà. "Don Eleuterio, ẹ mú ọwọ́ kúrò ní ìbàdí, kí ẹ fi ibi tí àpótí náà wà hàn wá."

Ilé adìẹ ló wà, wọ́n fi kúbùsù we é bí ọmọ titun. Adìẹ kan sàba lé e lórí.

"Òun nìkan ló fẹ́ràn rẹ̀ lágbo ilé yìí," ni bàbá náà wí.

Kódà Nicanor rẹ́rìn-ín. Ismael kò tẹ̀ lé wọn gbé àpótí. "Wúfà pẹlẹbẹ tí ẹ sọ yẹn," ó bi Nicanor, "báwo ni báàsì rẹ̀?"

"Kò ní mi fèrèsé ẹnikẹ́ni. Ìwọ àti ẹni tó bá sún mọ́ ọ nìkan lẹ máa gbọ́ ọ."

Ismael wo ìyàwó rẹ̀. "Ẹ bá mi dè é."

Wọn ò lọ sí ìdíje. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Delfina dúró níbi iná ọ̀nà, ọkọ̀ pupa òun funfun kan sì wà níwájú rẹ̀. Orin ń dún nínú rẹ̀, ó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò yé e. Láti gíláàsì ẹ̀yìn, ó rí orí méjì tí wọ́n fara kanra lápá òsì. Àga tó gba ènìyàn mẹ́ta, ìdajì rẹ̀ ṣófo. Iná yí sí àwọ̀ ewé, àwọn tó wà níwájú ò tètè rí i. Delfina ò fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀.