Ẹ̀rín Inú Ìbọn

Ẹni tó bá ti fi ejò rọ́bà sínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá rẹ̀ rí ò lẹ́nu láti ní kí ẹ gba òun gbọ́. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí ṣẹlẹ̀. Ojú mi báyìí ló ṣe.

Iṣẹ́ mi ni kí n yẹ ìbọn tí ọlọ́pàá bá gbà lọ́wọ́ ará ìlú wò: irú èwo ni, ṣé ó ṣì lè dún. Èyí tó bá lè dún, tí ẹni tó ni ín ò níwèé àṣẹ, ẹ̀wọ̀n ni. Èyí tí ihò rẹ̀ bá ti dí, irin lásán ni. Ẹ lè fi dá ilẹ̀kùn dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú, yàrá iṣẹ́ wa ṣókùnkùn. Ta ló wọlé? Ìyá ìyàwó mi, ọlọ́pàá lẹ́yìn wọn. Káfíńtà tó ń tún àjà ilé wọn ṣe ló rí ìbọn níbẹ̀. Bàbá, ọkọ wọn, ló fi í pamọ́ kí wọ́n tó kú. Ọlọ́pàá gbé e sórí tábìlì nínú aṣọ tí wọ́n fi wé e, ó jáde.

Mo tú u. Ilé ọta rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, bí apá ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìdí rẹ̀. Ìbọn ogun àtijọ́ ni, irú èyí tó ń da ọta bí òjò. Kò sí ọta nínú rẹ̀.

"Ó jọ páìpù omi," ni Màámi wí.

"Páìpù tó ń ránni lẹ́wọ̀n ni, Màámi."

"Àna mi, ẹnu ẹ ò ní kú."

Mo ki ọ̀pá ìdánwò bọ ihò ìbọn láti ìdí. Gbọrọ, ó yọ lẹ́nu. Ihò náà mọ́ tónítóní.

Àṣà wa ni pé ẹni méjì gbọ́dọ̀ ki ọ̀pá náà. Mo fà á yọ, mo nà án sí Ọ̀gá, tó jókòó ní òdìkejì tábìlì.

"Ẹ dúró ná." Màámi gbọ́wọ́ lé ìbọn náà. "Bàbá, ẹ ò rí i? Ẹ̀yin lẹ gbé e pamọ́, èmi ni wọ́n ń mú lọ."

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan rẹ́rìn-ín nínú ihò ìbọn. Kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ó sinmi. Kẹ́. Ẹ̀rín Bàbá gan-an ni, pẹ̀lú ikọ́ tó máa ń tẹ̀lé e.

Ọ̀gá wò mí. "Yọ rédíò yẹn kúrò."

"Ọ̀gá, kò sí rédíò."

"Bẹ́ẹ̀ lo ṣe ní kò sí ejò."

Ó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Ọ̀pá náà dúró láàárín. Ó tì í, kò lọ. A tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Irin ti dí ihò náà pa, ìpẹtà àtọdúnmọ́dún ti bo irin ọ̀hún.

"Irin lásán," ni Ọ̀gá wí. "Màámi, ẹ máa gbé e lọ. Ìwọ, a ṣì máa sọ̀rọ̀."

Mo wo ọ̀pá náà. Epo ìbọn tó lẹ̀ mọ́ ọn nígbà tó yọ lẹ́nu lọ́wọ́ mi ṣì wà lára rẹ̀ láti orí dé ìdí.

Màámi jó jáde. Mo gbé ìbọn tẹ̀ lé wọn.

Ó wà lára ògiri pálọ̀ wọn báyìí. Tá a bá lọ kí wọn, mo máa ń dá àpárá. Màámi á rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa á dẹtí, a ó máa wo ògiri.

Ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà láyé náà, Bàbá kì í tètè mọ̀ pé àwàdà ni.