Adìẹ Tí Ilẹ̀ Gbà ní Banigbé

Ní Banigbé, ní agbègbè Ifangni, Bàbá Èṣùgbàyí gbẹ́ ihò ńlá sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ láti máa fi gba omi òjò. Sítẹ́nì ni a ń pè é. Cyprien, bíríkìlà, da kọnkéré bò ó lórí, ó fi àlàfo kan sílẹ̀ tí èèyàn lè gbà wọlé, ó sì fi páànù dé e. Òjò kò jẹ́ kí wọ́n padà síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Nígbà tí wọ́n ṣí páànù náà, kò rùn. Àwọn ẹyẹ orí ọ̀pẹ ń ké, ṣùgbọ́n inú ihò náà dákẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́tí.

Iṣẹ́ tó kù ni kí Rachad, àbúrò Cyprien, wọlé lọ tú àwọn pákó tó gbé kọnkéré náà ró.

"Ẹ dúró," ni Bàbá Èṣùgbàyí wí. "Ẹ má wọ inú ilẹ̀ lọ́wọ́ òfo."

Ó gbé adìẹ sínú agbọ̀n, ó fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Adìẹ náà ké lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n fà á sókè, ó ti kú. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ojú ọgbẹ́.

"Ilẹ̀ ti gbà á," ni bàbá wí. "Ó parí. Ẹ máa wọlé."

"Dákọ̀ọ́, mo gbà, bàbá," ni Rachad fèsì. "Ó ti jẹ adìẹ, kí ló tún fẹ́ fi egungun mi ṣe?"

Àkàbà wọn kúrú, nítorí náà wọ́n so okùn mọ́ Rachad lábẹ́ apá kó má baà jábọ́. Ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń kọrin. Orin náà dá láàárín ọ̀rọ̀.

"Rachad?" ni Cyprien pè.

"Rachad?" ni ihò náà wí padà.

Cyprien ti gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà nígbà tí Fáyẹ́misí, ìyá Raïssa, obìnrin tó ń tẹ irin kọnkéré fún wọn, sọ̀kalẹ̀ lórí zémijàn, alùpùpù akérò. Ó rí adìẹ náà nílẹ̀. Ó ju ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó di Cyprien ní ṣòkòtò mú.

"Ìyá Raïssa, fi mí sílẹ̀. Àbúrò mi ló wà níbẹ̀."

"Bí o bá wọlé, ta ni yóò fa ẹ̀yin méjèèjì? Èmi àti bàbá arúgbó yìí? Okùn wà lára rẹ̀. Fà á."

Wọ́n fà á, bàbá náà bá wọn fà. Ojú Rachad là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ kí àyà rẹ̀ tó gbé sókè. Onízémijàn sáré lọ pe ọkọ̀ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

"Kò dùn mí rárá," ni Rachad wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Ó kàn ń ṣe mí bíi kí n jókòó."

"Ṣé ilẹ̀ kò gba adìẹ náà ni?" ni Bàbá Èṣùgbàyí bèèrè.

"Bàbá, ilẹ̀ sọ̀rọ̀, a kò gbọ́ ni," ni Fáyẹ́misí dáhùn. "Wọ́n kọ́ wa ní Àjàṣẹ́, nígbà tí mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ ààbò lẹ́nu iṣẹ́. Pákó tútù tí a bò mọ́lẹ̀ a máa jẹrà, a sì máa jẹ afẹ́fẹ́ tí à ń mí tán. Ojú kò rí i, imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Adìẹ yẹn kú kí ẹ má baà wọlé."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, ihò tí a ti bò, ì báà jẹ́ sítẹ́nì, kànga tàbí ṣáláńgá, ẹ má kàn wọ inú rẹ̀. Ẹ ṣí gbogbo ẹnu rẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ tuntun sí i dáadáa, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì fi ẹ̀rọ yẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wò. Ẹ má fi àtùpà tàbí adìẹ ṣe ẹ̀rí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Kí okùn wà lára ẹni tó ń wọlé, kí ẹlòmíràn dúró lókè di okùn náà mú. Bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá dákẹ́, ẹ má tẹ̀lé e. Ẹ fi okùn fà á, ẹ pe panápaná.

Rachad wà láàyè nítorí pé àkàbà wọn kúrú. Ká ní ó gùn ni, ẹnikẹ́ni kì bá tí rántí okùn.