Ẹyẹ tí Mọ́rìlíátù Gbọ́

Ibà ló mú etí Mọ́rìlíátù, ìyàwó mi, lọ. Odidi ọdún méje ni kò fi gbọ́ ohunkóhun, ìbáà ṣe ààrá. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí láàárọ̀ ọjọ́ tó dúró sójú kan nínú igbó, tó ní ẹyẹ kan ń kọrin.

Aṣọ ni mò ń tà ní Dar es Salam, àdúgbò kan nínú ìlú wa. Ní ọjọ́ Àìkú, a máa ń sọdá odò lọ sí ẹ̀yìn àdúgbò Lamordé, níbi tí ilé ti tán, láti lọ wo ẹyẹ àti ewéko. Òun ló máa ń kọ́kọ́ rí wọn: òlongo nínú koríko, lékeléke létí omi, àwòdì lókè. Èmi a wá fi ọwọ́ ṣàpèjúwe igbe wọn fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo wo ibi tó nawọ́ sí. Ẹyẹ dúdú kékeré kan bà sórí igi bomubomu. Ẹnu rẹ̀ pa dé. Gbogbo ẹyẹ yòókù ti dákẹ́. Mọ́rìlíátù tẹ́tí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ nǹkan kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí n kò gbọ́. Ẹyẹ náà fò lọ.

Kí a tó dé orí afárá, alùpùpù kan fun fèrè lẹ́yìn wa, Mọ́rìlíátù sì yà bàrá. Ó ti ń gbọ́ràn. A sunkún ayọ̀ lójú ọ̀nà. Mo pa àgbò, mo ṣe sàárà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ohùn àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí jìnnà sí mi, bí ẹni pé inú kànga ni wọ́n wà. Dókítà yẹ etí mi wò, kò rí nǹkan kan. Mọ́rìlíátù kò jẹun mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé ẹnu lé mi létí.

"Bàbá Kàfáyá, ẹ dárí jì mí. Ẹyẹ yẹn bi mí pé etí ta ni kí òun gbé fún mi. Mo rò pé eré ni. Ẹ̀yin ni mo dárúkọ."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu ènìyàn nìyẹn. N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n kò bá mi lọ sínú igbó mọ́. Kàfáyá ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń tẹ̀lé mi.

Láàárọ̀ òní, ọmọ náà ń já òdòdó níwájú mi nígbà tí mo gbọ́ orin kan tó mọ́ gaara. Orin náà dáwọ́ dúró, ohùn kan sì bi mí ní ìbéèrè tí ẹyẹ yẹn bi Mọ́rìlíátù.

Orúkọ Mọ́rìlíátù ni mo fẹ́ pè. Orúkọ ọmọ mi ló wá sí mi lẹ́nu.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi kí ó má baà jáde. Kàfáyá bojú wẹ̀yìn, ètè rẹ̀ ń mì, n kò mọ ohun tó ń sọ. Ẹyẹ náà kò tíì fò.