Ẹjọ́ Tí Bọ́láwálé Rò fún Ọ̀dàlẹ̀

Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ni a fi ń wọ ọ̀run, Bọ́láwálé ìbá ti wọ ibẹ̀ kó tó gboyè. Ọmọ Isikan ní Àkúrẹ́ ni, ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì, kò sì sí ẹni tó lè bá a jiyàn kó borí. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà, ohun tí yóò sọ níwájú adájọ́ ni yóò máa rò.

Adájọ́ wo? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní ìdíje ẹjọ́ àfikọ́ra tí wọ́n ń pè ní múùtù. Wọn á wọ ẹ̀wù dúdú, wọn á dúró níwájú àwọn àgbà agbẹjọ́rò tó jókòó bí adájọ́, wọn á sì máa ro ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò pè ní tòótọ́. Méjì-méjì ni wọ́n ń rò ó. Lawrence, ọmọ Oda, ni ẹnì kejì Bọ́láwálé. Yàrá kan náà ni wọ́n ń gbé, abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹun.

Lọ́dún náà, wọ́n borí títí dé àṣekágbá ní ìlú Oǹdó. Ẹjọ́ oko kòkó ni. Lawrence ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, pé ẹni tí àwọn ń gbèjà ra oko náà lọ́nà tó tọ́. Bọ́láwálé yóò wá sọ pé ẹbí tó pẹjọ́ ti dákẹ́ pẹ́ jù, pé ẹjọ́ wọn ti kú. Ọ̀rọ̀ ìdákẹ́ yìí ló ti ń gbé wọn borí bọ̀.

Adájọ́ bi Lawrence bóyá lóòótọ́ ni ẹbí náà dákẹ́. Lawrence wo ojú Bọ́láwálé, ó yíjú padà, ó ní: "Rárá, Olúwa mi. A gbà pé wọn kò dákẹ́ rí."

Ohun tí ẹnì kan bá sì gbà níbẹ̀, ẹnì kejì ti gbà á náà nìyẹn. Nígbà tí Bọ́láwálé dìde, kò sí ọ̀rọ̀ tó kù fún un. Ó ń kólòlò, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀, tó wọkọ̀ wá láti Àkúrẹ́ láti wá wo ọmọ rẹ̀, tẹrí ba. Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ó dùn ún, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Èyí tó dùn ún jù ni ojú tí Lawrence fi wò ó. Ó wá pinnu pé òun yóò lọ bá àwọn olùkọ́, òun yóò búra pé Lawrence ń jí ìwé wò nínú ìdánwò. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò borí ẹnu Bọ́láwálé? Wọn yóò lé Lawrence kúrò ní ilé ìwé.

Kó tó lọ, ó sọ ọ́ fún Sìsítà Moríyọ̀, ọmọ Ọlọ́run tó ti ṣe múùtù ṣáájú wọn, tó sì ń kọ́ wọn. Sìsítà gbọ́ ọ tán, kò bá a wí. Ó bi í ohun tí wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó lọ ìdíje. Bọ́láwálé ní àwọn máa ń ro ẹjọ́ òdìkejì wò.

"Ó dáa. Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Dìde, ro ti Lawrence fún mi."

Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kó gbà pé ẹjọ́ kan wà tí òun kò lè rò. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yẹ̀yẹ́. Ó ní Lawrence ló wá ọ̀rọ̀ ìdákẹ́ yẹn rí nínú ìwé. Ó ní Bọ́láwálé ló bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun sọ ọ́. Ó ní nígbà tí wọ́n fún Bọ́láwálé ní ife ẹ̀yẹ ẹni tó mọ ẹjọ́ rò jù ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, tí wọ́n bi í pé ta ló ronú kan ọ̀rọ̀ náà, ó ní, "Èmi ni." Lawrence sì jókòó níbẹ̀.

Bó ṣe sọ ìyẹn tán, yẹ̀yẹ́ náà parí. Ó jókòó, ó bú sẹ́kún.

Sìsítà ní: "Ohun tí Lawrence ṣe burú. Ṣùgbọ́n ọ̀dàlẹ̀ méjì ló ń gbé yàrá yín. Adájọ́ kan wà tí ẹnu kò lè tàn, Bọ́láwálé. Jésù nìkan ni alágbàwí níwájú rẹ̀. Kò ní sọ pé o kò jẹ̀bi. Yóò sọ pé òun ti jẹ ìyà rẹ."

Bọ́láwálé kúnlẹ̀. Ó ti pe àìmọye èèyàn ní Olúwa mi rí. Ọjọ́ yẹn ló pe Ẹni tó ni orúkọ náà. Ó jẹ́wọ́, ó sì gba Jésù.

Ó lọ bá àwọn olùkọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ife ẹ̀yẹ ló lọ dá padà. Wọ́n kéde rẹ̀, ojú tì í. Ó bẹ Lawrence. Lawrence ní, "Mo ti gbọ́," ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn. Títí di òní, Lawrence kò tíì sọ fún un pé kó má bínú. Ó ṣì ń dun Bọ́láwálé, ṣùgbọ́n ó ń gbàdúrà fún un.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá ẹnì kan dà ọ́, ọkọ, aya, tàbí ọ̀rẹ́. N kò ní kó má dùn ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwọ náà dà ńkọ́? Ọlọ́run tí o ṣèlérí fún nígbà tí àìsàn dá ọ dùbúlẹ̀ ńkọ́?

Ronú pìwà dà lónìí. Má sọ pé ó di ọ̀la. Lónìí, Jésù ṣì ń gba ẹjọ́ ẹlẹ́bi rò. Ọjọ́ ń bọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ yóò jókòó lórí ìtẹ́ ìdájọ́, kò sì ní sí ẹlòmíràn tí yóò gbẹnu sọ fún ọ. Ọ̀rẹ́ mi, pè é nígbà tó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.