Ẹ̀wù Dírágónì àti Sányán Ìyá Àgbà

Ọjọ́ tí Èyíwùnmí kọ́kọ́ fojú kan Déolú, ńṣe ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró níwájú ẹ̀wù sílíkì àwọn ìjòyè Ṣáínà àtijọ́ tó ní àwòrán dírágónì lára, ó lanu sílẹ̀, èérún búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ ń já bọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé búrẹ́dì yẹn jáde! Ẹ̀wù yìí dàgbà ju ìyá ìyá yín lọ."

"Ẹ má bínú, àǹtí. Ẹ̀wù ni mo kọ́kọ́ ń wò. Nígbà tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀, mi ò mọ èyí tí mò ń wò mọ́."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin! Èyíwùnmí fẹ́ fajú ro, ẹ̀rín ni kò jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì College Park ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀wù náà wà, ni kó máa tún aṣọ àtijọ́ ṣe. Ẹnjiníà ni Déolú ní Greenbelt, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í wá wo ẹ̀wù. Kí ọdún tó yí po, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Àfi ọjọ́ tí ìyá Déolú, aṣáájú àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, rí fọ́tò Èyíwùnmí pẹ̀lú ẹ̀wù náà.

"Dírágónì! Èyí tó wà nínú Ìwé Ìfihàn, tí í ṣe Sátánì? Ẹni tó ń fọwọ́ pa á lára kò ní wọlé mi!"

Ọ̀rọ̀ náà dun Èyíwùnmí wọra. "Déolú mi, mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ ọ láìsí àdúrà ìyá rẹ. Mú wọn wá wo ẹ̀wù náà."

Màmá wá lóòótọ́, wọ́n há báàgì mọ́ abíyá. Èyíwùnmí kúnlẹ̀ kí wọn. Kò bá wọn jiyàn, inú apá ẹ̀wù ló ṣí hàn wọ́n.

"Háà, wọ́n lẹ̀ ẹ́!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹnìkan jókòó lẹ̀ ẹ́, kí ẹni rẹ̀ má baà tẹ́ láàfin."

"Dírágónì yìí ńkọ́?"

"Àmì oyè ni lọ́dọ̀ tiwọn, mà. Sílíkì yìí, ara kòkòrò ni wọ́n ti rí òwú rẹ̀, bíi ti sányán."

Màmá sún mọ́ ẹ̀wù náà. Wọ́n ń wo bí ọmọ náà ṣe rọra ń ká ẹ̀wù padà.

Lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n ránṣẹ́ pè é sílé wọn ní Cheverly, wọ́n sì fa sányán kan yọ nínú àpótí.

"Ìyá mi ló fi ṣègbéyàwó. Ó ti já níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ po. Ṣé wàá lè tún un ṣe?"

"Màá tún un ṣe, mà. Ìgbà wo lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́?"

"Èmi kẹ̀? Ìwọ lo máa wọ̀ ọ́. Ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹ lọ mú ọjọ́."

Omi bọ́ lójú Èyíwùnmí. Ó gbá sányán náà mọ́ àyà, ó wá yíjú sí Déolú.

"Olólùfẹ́, má jẹ búrẹ́dì nítòsí aṣọ mi o!"