Ọjọ́ Tí Àrá Sán Lé Igi Máńgòrò Ìpàdé

Bí oṣù Máàsì bá ti ń parí lọ ní ìlú Tchaourou, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo ayé: kajú àti òjò. Ẹni tó ní kajú á máa bẹ òjò pé kó ní sùúrù díẹ̀, kí èso tó sá lè gbẹ. Ẹni tó fẹ́ gbin iṣu á gbójú sókè, á ní òun ò gbọ́ tirẹ̀ o, kí òjò yáa máa bọ̀.

Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tí igi máńgòrò ńlá kan dúró sí láàárín. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti ń ṣèpàdé láti ayé àwọn bàbá wọn. Ibẹ̀ ni ìròyìn ti ń balẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà tọkọtaya, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọ̀lẹ ti ń sùn lọ́sàn-án gangan.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Rahimatou jókòó sórí àpótí láàárín àwọn obìnrin. Ó ń fetí kan gbọ́ ìpàdé, ó sì ń fojú ṣọ́ kajú tí òun àti Mouftaou ọkọ rẹ̀ sá sórí báàṣì, ìyẹn aṣọ rọ́bà ńlá kan tí wọ́n tẹ́ sí gbangba, tí kò jìnnà sí igi náà. Kajú ọdún yìí dára. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí irú rẹ̀ ti dé kẹ́yìn.

Abdoul-Kader, olórí àdúgbò tí gbogbo wọn ń pè ní Ṣẹ́fù, ló ń sọ̀rọ̀.

"Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ jáde. A fẹ́ kó gọ́tà kí òjò tó dé. Ilé tí a ò bá rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀..."

"A máa da ìdọ̀tí tiwọn sẹ́nu ọ̀nà wọn!" ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn, ni gbogbo ìpàdé bá bú sẹ́rìn-ín.

Ṣẹ́fù rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ síwájú. Wọ́n máa gbin igi sí ilé ìwé. Àwọn obìnrin Bétérou ń kó iṣu èbù bọ̀ lọ́jà. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò máa gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ Tchatchou, kí wọ́n má sì jà o. Lẹ́yìn náà ló ní kí Mojísọ́lá bọ́ síwájú. Nọ́ọ̀sì ni, ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, Tata Mojí, ìyẹn Àǹtí Mojí, ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ló bá wá.

Kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí atẹ́gùn fi yí padà. Ojú ọ̀run ìlà-oòrùn ti dúdú kirimú. Àrá kùn lọ́ọ̀ọ́kán. Mojísọ́lá gbójú sókè.

"Ṣẹ́fù, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká kúrò lábẹ́ igi yìí. Ẹ jẹ́ ká wọ inú kíláàsì ní ilé ìwé."

Bàbá Akínwùmí, tó dàgbà jù lọ níbẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, igi yìí ti ń gba òjò lórí wa kí wọ́n tó bí ìyá ẹ. Òjò àkọ́rọ̀ sì nìyí, ìbùkún ni. Ta ní í sá fún ìbùkún?"

"Bàbá, mi ò ní kí ẹ sá fún òjò. Àrá ni mo ní kí ẹ sá fún. Ohun tó bá ga jù ni àrá sábà máa ń bá. Ẹ sì wò ó, kí ló ga ju igi yìí lọ ní àdúgbò wa?"

Àwọn ènìyàn gbójú sókè. Lóòótọ́, kò sóhun tó ga tó o.

"Bon, ó dáa," Ṣẹ́fù wí, "ó di inú kíláàsì."

Wọ́n kó àpótí, wọ́n kó ọmọ, wọ́n sọdá sí ilé ìwé tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Bàbá Akínwùmí gbé àga tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń kùn lọ bí àrá.

Ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni Rahimatou wà nígbà tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ lu ilẹ̀. Ọkàn rẹ̀ fò.

"Kajú wa o! Bàbá Oumou, kajú!" ló ké sí ọkọ rẹ̀.

Mouftaou kò dúró gbọ́ ẹ̀ẹ̀kejì, ó ti sáré jáde. Mojísọ́lá ké tẹ̀ lé e: "Tonton Mouftaou, ẹ fi sílẹ̀! Kajú tó bá tutù á tún gbẹ!" Àmọ́ ta ló ń gbọ́? Òjò ti dé. Mouftaou ṣẹ́ báàṣì bo kajú, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó parí, òjò ti pọ̀ débi pé kò lè sọdá. Ló bá ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ ì bá ṣe, tí bàbá bàbá rẹ̀ náà ì bá ṣe. Ó sá sábẹ́ igi máńgòrò, ó fẹ̀yìn tì í, ó sì juwọ́ sí ìyàwó rẹ̀ pé òun ti bò ó.

Kì í ṣe ariwo ló kọ́kọ́ dé. Ìmọ́lẹ̀ ni. Gbogbo ayé funfun báláú, débi pé Rahimatou ò rí igi, kò rí ọ̀nà, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ìgbà náà ni ariwo wá dé, ilẹ̀ mì, páànù òrùlé kígbe. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, igi máńgòrò tí wọ́n bá láyé ti là láti orí dé ìdí, èéfín ń rú nínú òjò. Àwọn àgbàlagbà tó ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé kàn dúró, wọ́n lanu sílẹ̀ bí ọmọdé. Agbára tó tóbi jù wọ́n lọ ti kọjá níwájú wọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n.

Mouftaou ti nà sílẹ̀ gbalaja.

Rahimatou kígbe, ó fò jáde. Bàbá Akínwùmí gbá aṣọ rẹ̀ mú.

"Má fọwọ́ kàn án! Ẹni tí àrá bá mú, a kì í fọwọ́ kàn án títí wọn ó fi ṣètùtù. Ẹni tó bá kàn án á bá a lọ!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tata Rahimatou," ọ̀dọ́kùnrin kan wí, "kúráǹ, iná àrá yẹn, ṣì wà lára wọn."

Ẹ wá wo nǹkan! Àgbà ń bẹ̀rù ètùtù, ọ̀dọ́ ń bẹ̀rù kúráǹ, ni ẹsẹ̀ gbogbo wọn bá lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ Rahimatou náà kọ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré, ohun tí èèyàn bá sì mu mọ́ ọmú kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀, òjò ń pa á, ó sì ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án.

Mojísọ́lá dúró níwájú rẹ̀, ó di èjìká rẹ̀ mú.

"Rahimatou, wò mí. Kò sí kúráǹ lára ẹ̀. Àrá kì í dúró lára èèyàn. Ó ti kọjá sínú ilẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èémí ẹ̀ ló dá dúró. Bí a bá ń wò ó, á kú mọ́ wa lójú. Bí a bá yára, ó lè jí. Èmi ń lọ o. Ṣé wàá bá mi gbé e?"

Rahimatou wo igi tó là. Ó wo Mouftaou.

"Bísímílláhì," ló wí, ó sì sáré.

Àrá ṣì ń kùn lókè. Mojísọ́lá ní wọn ò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Rahimatou gbá báàṣì mú, ó fà á yọ, kajú ọdún yìí sì dà sínú ẹrẹ̀ lọ. Kò wo ẹ̀yìn. Ó tẹ́ báàṣì sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ó dáwọ́ dúró díẹ̀ péré, ó sì gbá èjìká Mouftaou mú.

Nǹkan kan ò ṣe Rahimatou. Ara èèyàn ló bá níbẹ̀. Ara ọkọ rẹ̀ ni, ó tutù fún òjò.

Àwọn méjèèjì yí i sórí báàṣì, wọ́n sì wọ́ ọ wọ kíláàsì. Mojísọ́lá fi etí sí imú rẹ̀, ó wo àyà rẹ̀. Kò mí. "Ṣẹ́fù, ẹ fóònù ilé ìwòsàn, kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá!" Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan lé ọwọ́ kejì láàárín àyà Mouftaou, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ó le, ó sì yá. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní kí Rahimatou gbà á.

"Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe!"

"O mọ iyán gún. Na apá ẹ gbọọrọ. Fi gbogbo ara ẹ tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí àyà gbéra padà kó o tó tún tẹ̀ ẹ́. Má dúró."

Rahimatou ń tẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún, ó ń pe Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ wọn. Àfi bí Bàbá Akínwùmí ṣe dìde. Ó rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ Mouftaou níṣojú gbogbo wọn.

"Ẹ rí i," ló wí. "Mo kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ lágbára, ẹ wá gbà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin yìí!"

Ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ rọ́ wá, tí wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Òjò ti ń dáwọ́ nígbà tí Mouftaou wúkọ́. Ó mí kan, ó dákẹ́, ó tún mí òmíràn. Lẹ́yìn náà ni Ṣẹ́fù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ní gbangba, kò sì sẹ́ni tó fi í ṣẹ̀sín, nítorí omi wà lójú gbogbo wọn. Wọ́n ti rí i tí ọkùnrin kan lọ, wọ́n sì rí i tó padà.

Ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé, ó gbé e lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Etí rẹ̀ kan kò tíì gbọ́rọ̀ dáadáa títí di òní, àmọ́ ó ti ń lọ sóko.

Inú kíláàsì ni wọ́n ti ṣe ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Ṣẹ́fù ní kí Mojísọ́lá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àrá fún ará àdúgbò. Ó ṣàlàyé, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ sílé.

Ó ní bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, ó ti sún mọ́ yín tó láti ṣe yín ní jàǹbá. Ẹ wọ ilé gidi tàbí ọkọ̀ tó ní òrùlé, kí ẹ sì pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ má dúró lábẹ́ igi, pàápàá igi tó dá dúró. Bó bá bá yín lórí alùpùpù, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ wá ilé wọ̀. Bó bá bá yín lóko, tí kò sí ilé nítòsí, ẹ ju ọkọ́ àti àdá sílẹ̀, ẹ kúrò lórí òkè, ẹ lóṣòó kí ẹ pa ẹsẹ̀ pọ̀, ẹ má nà sílẹ̀. Nínú ilé, ẹ má di fóònù tó ń gba iná lọ́wọ́ mú. Bí àrá bá sì dákẹ́, ẹ ní sùúrù tó ààbọ̀ wákàtí kí ẹ tó jáde. Kò sí kajú, kò sí aṣọ, kò sí ewúrẹ́ tó tó ẹ̀mí.

"Ẹni tó bá ṣubú ńkọ́?" ẹnì kan bèèrè.

Mojísọ́lá ní kí Rahimatou dáhùn. Rahimatou dìde, ìtìjú mú un díẹ̀.

"Ẹ pe ilé ìwòsàn. Bí kò bá mí, ẹ tẹ àyà ẹ̀, kó le, kó yá, kí ẹ má dáwọ́ dúró. Bó bá ń mí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀. Bó tiẹ̀ dìde fúnra ẹ̀, ẹ gbé e lọ kí dókítà wò ó." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú kí gbogbo wọn lè rí i. "Ẹ wo ọwọ́ mi. Kò jó, kò rọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé díẹ̀ ló kù kí n fi ọkọ mi sílẹ̀ nínú òjò. Ẹni tí àrá bá lù, ọwọ́ èèyàn ló ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kàn án."