Ife Ẹ̀yẹ Ò Jẹ́ Ká Tètè Délé

Afínfe ni gbogbo ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ń pè é, torí òun ló ń fín orúkọ ẹni tó bá gba ìdíje ọdọọdún sára ife ẹ̀yẹ. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti gba iṣẹ́ náà nígbà tí ojú bàbá di bàìbàì. Ọdún tó kọ́kọ́ jókòó sídìí tábìlì ni ọkùnrin tó ń tọ́jú pápá yọjú, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ní òun fẹ́ fojú kan ife náà.

"Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń gbẹ́ ihò fún wọn, mi ò rí i rí."

Ọmọbìnrin náà gbé e lé e lọ́wọ́. Bí Agbẹ́hò, bí wọ́n ti ń pe ọkùnrin náà, ṣe ń ka orúkọ ló ń sọ ibi tí ihò ìkẹyìn wà lọ́dún kọ̀ọ̀kan: èyí lẹ́bàá iyanrìn, èyí lẹ́yìn igi. Ẹni tó gbà á ò kàn án. Ìfẹ́ rẹ̀ kó sí Afínfe lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n àṣà ọgọ́ta ọdún burú ju ìyálé burúkú lọ. Nítorí agbẹ́hò àtijọ́ kan tó tú àṣírí ihò fún àna rẹ̀, ẹni tó bá ń gbẹ́ ihò kò gbọdọ̀ kúrò lórí pápá títí ìdíje yóò fi parí. Afínfe náà kò gbọdọ̀ dìde nídìí ife kí orúkọ tó pé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Agbẹ́hò dá ọjọ́ tí yóò wá rí bàbá Afínfe láti tọrọ rẹ̀. Òjò sún ìdíje síwájú lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, koríko ṣàìsàn. Lẹ́ẹ̀kẹta ó wá, oorun sì gbé e lọ lórí àga kí bàbá tó jáde.

"Ọmọ mi, ọkọ rẹ ti níyàwó," ni bàbá wí. "Koríko ni. Mọ́ńdè lẹ́yìn ìdíje, aago mẹ́rin, kí òun àti ẹbí rẹ̀ wá tọrọ rẹ. Bí kò bá wá, kó má wá mọ́."

Ọjọ́ Àìkú ni ìdíje máa ń parí, ọkàn Afínfe sì balẹ̀. Àfi bí ẹni méjì ṣe ta ọ̀mì. Wọ́n ní kí wọ́n padà wá gbá a lọ́jọ́ Ajé.

Aago mẹ́rin kọjá, ẹ̀gbọ́n Afínfe pè é lórí fóònù.

"Àbúrò, ìyá ọkọ rẹ ti dé, àwọn àgbà ti jókòó. Ọkọ ìyàwó dà?"

"Ó wà lórí pápá."

"Ìwọ ńkọ́?"

Láti ojú fèrèsé, Afínfe ń wo Agbẹ́hò lórí ìkúnlẹ̀, tó ń gbẹ́ ihò mìíràn. Inú bí i. Ká ní ọkùnrin yìí nífẹ̀ẹ́ òun ni, ṣé kò ní ju irinṣẹ́ sílẹ̀? Ìgbà náà ló rí i pé òun náà ò tíì dìde. Ìyẹn ló bí i nínú jù.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni orúkọ tó dé. Nígbà tó fín in tán, Agbẹ́hò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Olólùfẹ́ mi, má bínú."

"Má bá mi sọ̀rọ̀. Jẹ́ ká sáré."

Pálọ̀ ti ṣófo nígbà tí wọ́n délé. Bàbá nìkan ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ dí i.

"Wọ́n ti bínú lọ. Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀."

Agbẹ́hò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ò wò ó, ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí.

"Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ọ̀mì ni wọ́n ta. Ìyá rẹ jókòó dè mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò fẹjọ́ mi sùn títí tó fi kú, ó sì ń dùn mí. Mi ò fẹ́ kó o jókòó de ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀."

Afínfe kúnlẹ̀. "Bàbá, mi ò jókòó dè é. Àwa méjèèjì la jọ pẹ́."

Bàbá ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà.

"Dìde," ó wí fún Agbẹ́hò. "Pe ìyá rẹ, kó padà wá lọ́la. Èmi àti òun la máa parí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin méjèèjì ò ní ráyè."